Gààrí Inú Alùpùpù Sínóò

Ẹ gbé gààrí yẹn kúrò níwájú mi ná. Ṣúgà tí ẹ fi sí i ò kàn mí, ẹ̀pà tí ẹ dà lé e lórí ò kàn mí. Rùkáyàtù, o ṣeun, mo mọ̀ pé o fẹ́ fi tù mí nínú ni, àmọ́ òórùn rẹ̀ ti dé imú mi. Gbé e lọ sí kíṣìnì. Kí o padà wá jókòó, kí gbogbo yín jókòó.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Wàsíù ti fajú ro láti àárọ̀, ó ń kí mi bí ẹni tó ń kí ọlọ́pàá. Nítorí pé èmi, àbúrò ìyá rẹ̀, jáde síta, mo rí ọkùnrin ará Mẹ́síkò tó fẹ́ ra mọ́tò tí Wàsíù ń tà, mo sì sọ fún un pé mọ́tò yìí ń jo omi lábẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ kó wò ó dáadáa. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ohun tí mò ń gbọ́ ní gbogbo yàrá ilé yìí ni pé Bàbá ti dójú tì wá. Ẹnìkan nínú yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tiẹ̀ sọ pé láyé àtijọ́ ẹbí kì í tú ẹbí síta, pé àwa àgbà la kọ́ yín bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni. Àwa la kọ́ yín. Ohun tó ń rí mi lára gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mo dé Houston, nínú àwọn ọdún tí ẹ̀yin ń pè ní naintíìsì, Wàsíù nìkan ló ti dáyé nínú gbogbo yín, Èkó ló sì wà. Humble, ìlú kékeré ẹ̀gbẹ́ Houston tí a ń gbé yìí, igbó pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ṣọ́ọ̀bù wa wà lẹ́yìn àdúgbò Greenspoint, ní títì kan tó jẹ́ pé mẹkáníìkì ló kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀ lónìí, ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń tún èékánná ṣe lẹ máa bá. Nígbà náà, òòlù lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, lẹ́yìn náà ẹnìkan tó ń pariwo pé ta ló gbé sípánà mẹ́tàlá òun. Friwéè, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, ń hó lókè orí wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Yorùbá là ń sọ níbẹ̀, àfi bí oníbàárà bá wọlé, ká tó wá máa yí ahọ́n pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ ó máa gbọ́ bí mo ṣe ń sọ "ó" fún un, tí mi ò sọ "wọ́n". Ẹ má rò pé mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà ayé rẹ̀, mi ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló fìwé pè mí wá sí Amẹ́ríkà, orí àga gígùn pálọ̀ rẹ̀ ni mo sùn fún ọdún mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ aṣọ mi pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Oore rẹ̀ lára mi kò kéré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi òjé jó rédíétọ̀ tó bá ń jò. Rédíétọ̀ ayé ìgbà náà, idẹ àti bàbà ni. Á dí ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀ méjèèjì pa, á tì í bọ inú bàsíà omi, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ibi tó bá ti ń sọ pótó-pótó ni ihò wà. Á ha ibẹ̀ títí á fi máa dán, á ta ásíìdì sí i, á gbé iná sí i, òjé á yọ́ wọ ojú ihò náà wẹ́rẹ́. Òórùn ásíìdì náà a máa ta ni nímú. Láti Humble títí dé La Porte, ẹni tí rédíétọ̀ rẹ̀ bá jò, ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Ní mọ́ṣáláṣí, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Rédíétọ̀ ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Lónìí ńkọ́? Rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Bó bá jò, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn. Ẹni tó ń ṣe é kò mọ ibi tó ti jò, kò sì fẹ́ mọ̀. Wọ́n ń pe ara wọn ní mẹkáníìkì, pààrọ̀-pààrọ̀ ni wọ́n. Bí mo bá rí wọn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tu itọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tiwa tán, kí ẹ tó rò pé mò ń yìn wá.

Ọdún tí mò ń wí yìí, inú oṣù Jánúárì ni ààwẹ̀ bọ́ sí. Ààwẹ̀ Jánúárì ní Houston kò le, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí ebi tó mọ̀ pé òun dé. Tó bá ti kù díẹ̀, a ó pa iná, a ó fọ gíríìsì ọwọ́ wa, a ó gbé pákó kan lé orí táyà mẹ́rin, tábìlì oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Èso dàbínù la fi ń ṣínu. Lẹ́yìn ìyẹn, gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà. Àpò gààrí náà kì í kúrò lábẹ́ tábìlì Ẹ̀gbọ́n títí oṣù á fi parí. Bàsíà kan náà ni gbogbo wa ń tọwọ́ bọ̀, àwa tí a tó mẹ́jọ. Ẹ̀yin náà máa ń ṣínu láyé ìsinsìnyí o, mo máa ń rí yín. Oníkálukú gbé àwo tirẹ̀, ó ń wo fóònù, ẹnu ń jẹ, ojú ò sí níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ náà ni Mísítà Kálì wọlé. Òyìnbó ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte, oníbàárà wa tó ti pẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kétì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó fi mọ́tò wọ́ wá, a ò rí irú rẹ̀ rí. Alùpùpù ni, àmọ́ kò ní táyà. Níwájú, ó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tó fi ń yọ̀ lórí sínóò, yìnyín lẹ́búlẹ́bú tó máa ń bo ilẹ̀ níbi tí òtútù ti mú. Lẹ́yìn, bẹ́líìtì rọ́bà ńlá kan ló ń yí lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í lọ. Ọdọọdún ni bàbá àti ọmọ máa ń gbé e lọ sórí òkè ní ìpínlẹ̀ Kolorádò, àwọn méjèèjì lórí alùpùpù kan ṣoṣo, láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Ó ní omi kúláǹtì rẹ̀, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ń jò. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí àwọn gbéra.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Alùpùpù sínóò ní Houston, níbi tí ènìyàn ti ń làágùn ní Jánúárì!

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ọkùnrin náà ṣàlàyé tán. Ó ní ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ́. Ó gbé ìdí rẹ̀ sókè lórí jáàkì, ó ṣáná sí i, bẹ́líìtì ń yí lófìfo. Kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí èéfín gbígbóná fi bo ojú gbogbo wa. Mísítà Kálì sáré pa á. Ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò ní rédíétọ̀ o. Wo abẹ́ rẹ̀." A bẹ̀rẹ̀. Àwo alumíníọ̀mù gígùn méjì ló wà lábẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní ihò nínú, omi ẹ́ńjìnnì ń gba inú wọn kọjá. Bí bẹ́líìtì bá ń yí, á máa ta sínóò sí wọn lára, sínóò yẹn ló ń mú omi náà tutù. Níbi tí kò bá ti sí sínóò, kò sí ohun tó máa tù ú.

Ni èmi àti Kétì bá lọ sí ilé epo tó wà ní ìkọríta, a ra àpò yìnyín mẹ́fà. Ọmọ náà gbé méjì lé èjìká, ó ń pariwo pé òtútù ń pa òun, ó ń rẹ́rìn-ín. A to yìnyín náà sábẹ́ àwọn àwo yẹn, a tún ṣáná sí i, ó ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. A wá rí ibi tó ń jò. Ìṣó ara bẹ́líìtì ló ti ha ọ̀kan nínú àwo náà títí ó fi dá ihò bí ojú abẹ́rẹ́ sí i. Ọwọ́ mi ni omi náà kọ́kọ́ kán sí.

Àkókò ìṣínu tó. Nílé wa, a kì í jẹun kí àlejò máa wò wá lẹ́nu, nítorí náà a pe bàbá àti ọmọ sí ìdí pákó. Mísítà Kálì jẹ dàbínù kan, ó ní ó tó. Kétì ní tirẹ̀ tọ́ gààrí wò. Ó fajú ro nítorí kíkan rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n bá bu ṣúgà sí i fún un, ó tún tọ́ ọ wò, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ó mu abọ́ kan, ó ní kí a fún òun sí i. Ó bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀, mo sọ ọ́, ó pè é ní gári, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn dára. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ọjọ́ yẹn dára.

Ní ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n gbé òjé rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ọmọ, alumíníọ̀mù kì í gba òjé. Ó ha á, ó ta ásíìdì sí i, ó gbé iná sí i, òjé náà ń ṣù, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Ó ṣe é láàárọ̀, ó ṣe é lọ́sàn-án, ó tún un ṣe lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ihò tó jẹ́ ojú abẹ́rẹ́ ti di ẹyọ ìrẹsì. Mo mọ wẹ́dà kan ní ọ̀nà La Porte tó ń jó alumíníọ̀mù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú àwo náà, kí n gbé e lọ bá a. Ká sọ fún Mísítà Kálì pé kó sún ìrìn àjò rẹ̀ síwájú díẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Kí n gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn? Kí wọ́n gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé Rédíétọ̀ jó rédíétọ̀ tì?"

Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ìdí ìrun ọ̀sán dé, mo bá a níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Ó ti ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da omi kúláǹtì sí. Àpò gààrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkúnwọ́ mẹ́ta ni mo fojú mi rí tó dà síbẹ̀, mi ò mọ iye tó ti dà kí n tó dé. Nílé lọ́hùn-ún, àwọn dẹ́rẹ́bà ọ̀nà jíjìn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí rédíétọ̀ bá jò nínú igbó, wọ́n á da gààrí sí i, á wú, á dí ihò, wọ́n á fi rọra dé ìlú tó kàn. Ọgbọ́n ẹni tí kò rí mẹkáníìkì ni. Mẹkáníìkì ló wá ń ṣe é yìí! Nínú ààwẹ̀, pẹ̀lú gààrí ìṣínu!

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí òkè ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó lẹ́yìn rẹ̀."

Ó ní, "Á gbé wọn lọ, á gbé wọn bọ̀. Ìgbà wo lo tó ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́? Ìwọ tí mo kó kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ó ti fi oore tó ṣe fún mi ṣe ìrègún.

Mísítà Kálì dé lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìṣínu. A to yìnyín sábẹ́ rẹ̀, a ṣáná sí i. Kò jò. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó ní, "Mo ti jó o, ó ti dí pa." Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi. Kò kúkú fura sí nǹkan kan, ó kàn jẹ́ ẹni tó máa ń bi gbogbo ènìyàn ní nǹkan ni. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i? Ṣé ó ti dára?"

Ẹ̀gbọ́n kò wò mí. Kétì dúró níbẹ̀, ó ti wọ kóòtù òtútù rẹ̀ tuntun láti fi hàn wá, ó ń làágùn nínú rẹ̀.

Mo ní, "Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí ni."

Ẹ wò ó, mo rò pé mo gbọ́n. Mo rò pé n kò parọ́, pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé ààwẹ̀ mi ṣì mọ́. Mo lọ kírun Àṣámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀, mo sì dúró ní sààfù, ní ìlà àwọn tó ń kírun, bí ọmọlúàbí. Nígbà tí mo bá rántí bí mo ṣe dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ara mi a máa rí mi lára.

Oṣù lé, ààwẹ̀ parí. Lẹ́yìn ìrun ọdún, ṣọ́ọ̀bù ni a máa ń padà sí láyé ìgbà náà, torí kò sí ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ gba gbogbo wa. A ó gbá ilẹ̀, a ó tẹ́ ẹní sí ibi tí mọ́tò máa ń wà, àwọn ìyàwó á gbé ìkòkò dé, àwọn ọmọdé á máa fi aṣọ tuntun pa gíríìsì lára ògiri. Ariwo pọ̀ débi pé a ò gbọ́ ìgbà tí mọ́tò Mísítà Kálì wọlé.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọdún méjì. Kétì fi igi méjì há abíyá. Wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rìgìdì. Ìgò onídèérí kan wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó ní àárín òkè ni àwọn wà nígbà tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kò pẹ́ ni ẹ́ńjìnnì gan pa. Ó ní nínú sínóò tó dé orúnkún ni àwọn fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú, sínóò sì wọ inú bàtà ọmọ náà, òtútù pa ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Ó gbé ìgò náà lé orí pákó wa, láàárín ìrẹsì àti ẹran. Ó ní, "Ohun tí mẹkáníìkì ibẹ̀ bá nínú àwọn àwo náà nìyí. Ó dí wọn pa. Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wo ìgò náà. Agbádá funfun ló wọ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní láti jẹ́ pé ìdọ̀tí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

Kétì ló ṣí ìdérí ìgò náà. Ẹ̀yin ọmọ, òórùn kan jáde níbẹ̀. Gààrí tó ti wú, tó ti jinná, tó ti bàjẹ́ nínú kẹ́míkà, ó kan, ó tún ń dùn mọ́ni nímú lọ́nà burúkú. Obìnrin kan fi ìborùn bo imú. Kétì kò bo tirẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Lórí òkè níbẹ̀ ni mo ti gbóòórùn rẹ̀, tí mo sọ fún dádì mi, wọn ò gbà mí gbọ́. Gári ni. Ẹ bu ṣúgà sí i fún mi."

Kò wo Ẹ̀gbọ́n. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ṣé o mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ láìyí ojú padà, ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́. Ẹbí kì í tú ẹbí síta."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mo rí i nígbà tó ń dà á."

Òtítọ́ ni mo sọ, àmọ́ kí lọ́mọ yẹn fẹ́ fi ṣe mọ́? Ọjà ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo ń tà fún un. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó dé ìgò náà padà, ó dè é pinpin. Bàbá rẹ̀ tún gbé e wọ mọ́tò. A ò rí wọn mọ́ títí di òní.

Àwọn ará wa dá mi lẹ́bi, kí n má parọ́ fún yín. Wọ́n ní mo fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá mi. Mo kó kúrò ní pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, àwa méjèèjì ò sì tọwọ́ bọ bàsíà kan náà mọ́ títí ó fi kú. Mo kírun sí i lára. Mo bẹ Ọlọ́run kó forí jì í, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ara mi.

Wàsíù, gbé ojú rẹ sókè. Mi ò kórìíra rẹ. Ọkùnrin tó wá láàárọ̀, àga ọmọdé wà ní ẹ̀yìn mọ́tò tó gbé wá, ìwọ náà rí i. O ní mo dójú tì ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù wí lọ́jọ́ ọdún náà, nígbà tí mọ́tò Mísítà Kálì jáde. Ó ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún, ó ní, "O dójú tì mí, níwájú òyìnbó, lójú ìyàwó mi." Kí wọ́n tó lọ, ó ti wo òyìnbó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo èmi. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn fi dúró níwájú rẹ̀, kò wo ẹsẹ̀ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.